Ayédèrú Ni, Àbí Oòrùn Ló Pa Á?

Ọ̀rọ̀ orí rédíò lórí bíà òkè òkun inú ìgò

Ẹ̀yin tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká mọ́ ojú títì láàárín LASU àti Ìṣẹ̀rì, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fi etí kan gbọ́ wa, tí ẹ ń fi ojú kan ṣọ́ ọbẹ̀ lórí iná, ẹ kú ìdáná. Ọ̀rọ̀ bíà ni mo gbé wá lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í mutí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa rédíò o. Bí ẹ kò bá mu ún, ẹ ti rà á fún àlejò rí, tàbí kí ẹ ní àbúrò tí kì í kọ ìgò.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọ̀rẹ́ mi kan ṣí ilé tuntun ní Ìgándò níbí. Àwa bíi mẹ́fà la jókòó sábẹ́ kánópì. Ìrẹsì ti dé, ẹran ti dé, ni baálé ilé bá wọlé lọ, ó sì kó ìgò mẹ́fà jáde láti inú fìríìjì. Ó ní, “Ẹ̀yin ni mo tọ́jú èyí fún o. Tòkè òkun ni.” Ìgò aláwọ̀ ewé tó ń dán gbinrin, orúkọ òyìnbó gàdàgbà níwájú rẹ̀. Ó ní owó tí òun fi ra ẹyọ kan tó ra méjì nínú èyí tí a máa ń mu.

A ṣí i. Ó ké “fìṣì” bó ṣe yẹ kó ké. Mo gbé e sẹ́nu, ṣùgbọ́n kí n tó gbé e mì, imú mi ti kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí asín ti kú sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù yín rí, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí. Mo wo ẹni tó jókòó tì mí, òun náà wò mí. Ẹni kẹta ló la ẹnu: “Fẹ́ẹ́kì ni!”

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, gbogbo wa di ọ̀mọ̀wé. Ẹnì kan ní omi ọṣẹ ni wọ́n fi mú un hó. Ẹnì kan ní òun mọ ẹnì kan tó mọ ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ sígò lóru. Ẹlòmíràn na ìka sí ara ìgò tirẹ̀, ó ní, “Ẹ wò ó bó ṣe họ. Orí ààtàn ni wọ́n ti ṣa ìgò yìí.” Ojú ti baálé ilé. Ó búra pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun máa lọ bá ìyá tó tà á fún òun jà.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú mi dání. Kẹ́mísírì ni mo fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, n kò sì fẹ́ ká dá ẹjọ́ tán kí ẹlẹ́rìí tó sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́rìí ọ̀hún ni ìgò. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí orí ń fọ́, tó wá fi oògùn ra orúnkún, oògùn rẹ̀ ṣòfò ni. Ibi tó yẹ kí ìfura wa dojú kọ, òun ni mo fẹ́ kí a jọ wò lálẹ́ yìí.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ la dé iwájú ṣọ́ọ̀bù náà. N kò tíì wọlé tí mo ti rí ohun tí mo wá wá. Ìyá náà to àwọn ìgò aláwọ̀ ewé yẹn sórí tábìlì níta, kí àwọn tí ń kọjá lè rí wọn. Oòrùn ti gun orí wọn, wọ́n ń kọ mànà. Ó dùn ún wò. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n ti wà níbẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àràárọ̀ ni mò ń kó wọn síta, alaalẹ́ ni mò ń kó wọn wọlé. Á ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ mọ̀ pé ó wọ́n, kì í tètè tà bíi tàwọn tó kù.”

Mo ní ṣé ó ku òmíràn nínú ilé. Ó ní kéréètì kan wà nínú yàrá ẹ̀yìn, ibi tí kò sí fèrèsé. Ó mú ìgò kan wá nínú rẹ̀. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan tó ti wà nínú oòrùn, mo wo déètì àti nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí wọn lára: ọ̀kan náà ni. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn. Mo sanwó méjèèjì, a ṣí wọn, a bu díẹ̀díẹ̀ sí ife. Èyí tó ti inú yàrá wá, bíà ni, ó korò, ó tutù lọ́fun díẹ̀, kò ní wàhálà kankan. Èyí tó ti orí tábìlì wá, asín. Ọ̀rẹ́ mi gbọ́ òórùn èyí, ó gbọ́ òórùn tọ̀hún, ìjà tó gbé bọ̀ láti ilé sì rọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ohun mẹ́rin ni bíà: omi, ọkà tí wọ́n jẹ́ kó hù díẹ̀ kí wọ́n tó yan án, ìwúkàrà, àti òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀pù. Họ́ọ̀pù ló ń mú bíà korò, bí ewúro ṣe ń mú ọbẹ̀ rẹ̀ korò. Ṣùgbọ́n ìkorò yẹn kì í bá ìmọ́lẹ̀ rẹ́. Bí ìtànṣán oòrùn bá wọ inú bíà, ó máa ń fọ́ èròjà kíkorò náà. Ohun tó já lára rẹ̀ á lọ so mọ́ imí-ọjọ́ díẹ̀ tó wà nínú bíà fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń bí òórùn yẹn. Àwọn òyìnbó ní ẹranko kan tí ń tu omi olóòórùn sí ọ̀tá rẹ̀ lára, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe irú bíà bẹ́ẹ̀. Àwa ní asín tiwa.

Kò gbà kí ó pọ̀. Bí irú èròjà bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ grámù mélòó kan nínú tọ́ọ̀nù bíà mílíọ̀nù kan, imú èèyàn á gbọ́ ọ. Kò sì gbà kí ó pẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán gangan ti tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgò aláwọ̀ pupa rúsúrúsú bíi ti oyin ló ń dènà púpọ̀ nínú ìtànṣán náà. Ìgò aláwọ̀ ewé kì í dènà ju díẹ̀ lọ. Ìgò funfun tí a ń rí inú rẹ̀ gaara, ìhòòhò ni bíà wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìgò tó rẹwà jù lórí tábìlì ló sábà máa ń kọ́kọ́ rùn bí asín. Kì í ṣe májèlé o. Kò ní í pa èèyàn. Adùn ló pa.

Bí ẹ bá rò pé mò ń pìtàn, ẹ dán an wò. Ẹ ra bíà kan náà méjì nínú ìgò aláwọ̀ ewé. Ẹ fi ọ̀kan sínú àpótí, ẹ gbé èkejì sínú oòrùn fún wákàtí méjì. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì tutù dọ́gba, kí ẹ wá ní kí ẹlòmíràn bù wọ́n fún yín láìsọ èyí tó jẹ́ èyí. Imú yín ni yóò dá ẹjọ́.

Ohun kejì tí a tún máa ń pè ní ayédèrú ni ogbó. Bíà kì í ṣe ọtí tí ń dùn sí i bó bá ṣe ń pẹ́, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba irú kan tó le gan-an. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sínú ọrùn ìgò, díẹ̀ sì ń gba abẹ́ ìdérí wọlé. Bó bá pẹ́, bíà á bẹ̀rẹ̀ sí í dà bíi páálí tí òjò pa: kò korò dáadáa mọ́, kò dùn, ó kàn ṣá. Ooru ló ń lé ogbó yìí léré. Bíà tó jókòó sínú kọ̀ǹténà, tó tún wá jókòó sábẹ́ páànù nínú oṣù Kẹta, ó ti gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ máa wo déètì, kí ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ní Yúróòpù, ọjọ́ ló ń ṣáájú oṣù. Ní Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣáájú ọjọ́. Bí ẹ bá rí 05/08, ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ni fún ẹnì kan, ọjọ́ 8 oṣù Kàrún ni fún ẹlòmíràn. Ẹ fi àtàǹpàkò ra déètì náà díẹ̀. Bí ó bá fà bíi tìróò, tàbí tí ẹ rí òjìji déètì mìíràn lábẹ́ rẹ̀, tàbí tí ibẹ̀ dán jù bí ibi tí wọ́n fi kẹ́míkà nù, ẹ gbé e kalẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ oòrùn mọ́. Ọwọ́ èèyàn ló ti kàn án.

Bíà tó bá sì dàrú díẹ̀ ńkọ́? Ẹ má tíì pariwo. Àwọn bíà kan ní Jámánì àti Bẹ́ljíọ̀mù, ìwúkàrà wọn ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ nínú ìgò, bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣe máa ń wà nídìí akèrègbè ẹmu. Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó dá a lẹ́bi.

Kíka ara ìgò ló mú mi dé ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ náà. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ṣe lábẹ́ kánópì ni mo wá ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo wọ awò, mo yí ìgò padà. Lẹ́yìn rẹ̀, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti pọn ọtí náà, nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, “Owó òkè òkun tí mo san dà?”

Ká sọ tòótọ́, kéréètì ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Bíà tó wọ ọkọ̀ òkun kì í bá kéréètì wá. Ilé iṣẹ́ tó wà níbí ló ń gba ìgò padà, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń rọ ọtí tuntun sínú rẹ̀. Ìgò bẹ́ẹ̀ á lọ, á bọ̀, á máa fi ara gbo ara nínú ẹ̀rọ àti nínú kéréètì, títí ilà funfun kan yóò fi yí i ká ní èjìká àti nídìí bí ìlẹ̀kẹ̀. Ara ìgò tó họ, tí ẹni wa pè ní ẹ̀rí ayédèrú, ẹ̀rí pé ìgò náà ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ni. Ìgò tó ti òkè òkun wá ní tòótọ́, àlọ ló ní, kò ní àbọ̀. Bí irú ìyẹn bá wá ní ìlẹ̀kẹ̀ funfun lára, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ béèrè ibi tó ti kọ́kọ́ lọ.

Ó ti pẹ́ tí bíà àti sìtáòtù, ìbáà wà nínú ìgò, ìbáà wà nínú agolo, ti wà nínú ìwé ọjà tí Kọ́síṣómù kà léèwọ̀ láti kó wọ Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ yín létí. Bí ẹnì kan bá ní bíà tí òun ń tà ti òkè òkun dé, ọ̀kan nínú ohun méjì ni: yálà a ti pọn ọ́n síbí lábẹ́ orúkọ òyìnbó, tàbí ó gba ọ̀nà fàyàwọ́ wọlé, bóyá láti apá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, bóyá láti ibòmíràn. Ti fàyàwọ́ lè jẹ́ ojúlówó bíà pátápátá. Ohun tí kò ní ni ẹni tí yóò dúró fún un. Kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí ilé iṣẹ́ tí ẹ lè kọ̀wé sí, ẹ kò sì mọ iye ọjọ́ tó fi sùn nínú oòrùn kí ó tó dé Ìgándò.

Èyí tí wọ́n pọn síbí kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. Oṣù Kẹfà ọdún 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní ilé ìpọntí Nigerian Breweries ní Ìgànmú. Ọdún 1962 ni Guinness bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹjà. Láti 2018 ni International Breweries, ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà, ti ń pọn Budweiser ní Nàìjíríà, àwọn tó ni orúkọ náà ló sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá mu irú ọtí kan ní London, tó wá mu ú ní Ẹgbẹ́dá, tó ní adùn wọn kò dọ́gba, ó lè má purọ́. Omi yàtọ̀, ọkà pàápàá lè yàtọ̀. Láti ọdún 1988 tí ìjọba ti fòfin de ọkà báálì tí wọ́n ń kó wọlé láti fi pọntí ni àwọn ilé iṣẹ́ wa ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọkà bàbà tiwa pọn bíà, wọn kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Adùn tó yàtọ̀ kì í ṣe ayédèrú.

[Orin díẹ̀]

Ẹ ó wá bi mí pé, “Ṣé kò wá sí ayédèrú ni?” Ó wà, ó sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú bí olè ṣe ń ronú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú bíà, ó gbọ́dọ̀ rí gáàsì fún un, kó rí ìdérí tuntun àti ẹ̀rọ tí yóò fi dé e mọ́ ìgò kí gáàsì má baà jáde, kó tún jẹ́ kó hó nínú ife. Gbogbo wàhálà yẹn, lórí ọjà tí èrè orí rẹ̀ kò tó nǹkan! Ọtí líle kò béèrè gáàsì. Ṣínáàpù, ọtí amúlójú-pọ́n òyìnbó, wáìnì: ìgò kan lè gba owó kéréètì bíà, ìdérí rẹ̀ ń yí sí, ń yí kúrò. Ibẹ̀ ni àwọn aṣebi kó iṣẹ́ wọn lọ. Ní oṣù Kejìlá 2023, nígbà tí NAFDAC ya wọ ọjà Eziukwu ní Abá, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Cemetery, wáìnì àti ọtí líle ayédèrú wà lára ohun tí wọ́n bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìgò àlòkù tí wọ́n ń tún rọ nǹkan sí.

Ìgò àlòkù, níbo ló ti ń wá? Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ìgándò kọjá mọ ààtàn Solous. Imú yín á ti kí i kí ojú yín tó rí i. Lójoojúmọ́ làwọn tí ń ṣa nǹkan ń wà lórí rẹ̀, wọ́n ń ya ike sọ́tọ̀, irin sọ́tọ̀, ìgò sọ́tọ̀. N kò bú wọn. Òógùn ojú ni wọ́n ń jẹ. Àwọn tí ń yọ́ ìgò, àwọn tí ń ta epo, àwọn tí ń ta àgbo, gbogbo wọn ló ń ra ìgò. Ṣùgbọ́n ìgò ọtí líle tó gún régé, tí ìwé ara rẹ̀ kò ya, tí ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá rà á ló fẹ́ rọ àgbo sínú rẹ̀. Ilé tiwa nìgò yẹn ti jáde. Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, lẹ́yìn ìdána, àwa la tò ó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fi ṣaájò olè. Ẹ ya ìwé ara rẹ̀, ẹ fi ìṣó lu ìdérí rẹ̀, ẹ fi àkísà wé e kí ẹ fọ́ ọrùn rẹ̀ kí ó tó wọ inú ìdọ̀tí, kí ẹ sì sọ fún akólẹ̀ pé ìgò fífọ́ wà níbẹ̀. Ìgò bíà ti kéréètì, ẹ má fọ́ ìyẹn. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Bí ọwọ́ bá tẹ bíà tí ẹ ń fura sí, ẹ wo ìdérí rẹ̀. Eyín 21 ló máa ń yí ìdérí bíà ká, gbogbo wọn á sì di ẹnu ìgò mú dọ́gbadọ́gba. Ìdérí tí wọ́n ti fi ohun ìṣígò ṣí lẹ́ẹ̀kan rí máa ń tẹ̀ láàárín, ẹni tó bá tún un dé kò lè mú ìtẹ̀ yẹn kúrò pátápátá. Ẹ gbé ìgò méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ wò bóyá ọtí inú wọn ga dọ́gba. Ẹ̀rọ kì í ṣìwọ̀n bí ọwọ́. Ẹ yí i dojú dé, kí ẹ wò bóyá ó ń jò. Bí kò bá ké nígbà tí ẹ ṣí i, ẹ má mu ún.

Mo wá dé ibi tí ẹ̀rín ti tán. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ikú bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ àwọn èèyàn ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí á fọ́ wọn, ojú wọn á ṣú, wọn á dákú, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti parí. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú. Àwọn kan ní oògùn apakoríko ni. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn aláìsàn wò ní ilé ìwòsàn LUTH, mẹ́tánọ́ọ̀lù ló wà níbẹ̀. Inú ògógóró ló gbà wọlé. Èèyàn 18 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kà pé ó kú.

Nínú oṣù Kìn-ín-ní ọdún kan náà, ní abúlé Chitima ní orílẹ̀-èdè Mozambique, àwọn èèyàn ti ibi ìsìnkú dé, wọ́n mu bíà ìbílẹ̀ wọn. Èèyàn 75 kú, obìnrin tó pọn ọtí náà wà lára wọn. Gbogbo ìlú ní òróòro ọ̀nì ni ọ̀tá kan bù sínú rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé ìyẹ̀fun àgbàdo tó ti bàjẹ́ ni, tí kòkòrò àìfojúrí kan ti ṣe oró sínú rẹ̀. Kò sí ọ̀tá kankan.

Ẹ rí i pé ìlú méjèèjì ló fura. Wọn kò fura síbi tó yẹ. Bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀tá àti ẹbọ kiri, ohun tí ń pani ṣì wà nínú ife.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù jọ ọtí gidi bí ìbejì ṣe jọra. Imú kò lè yà á sọ́tọ̀, ahọ́n kò lè yà á sọ́tọ̀, bí a bá sì ṣáná sí i, a ò lè fi iná rẹ̀ búra. Nígbà tó bá dé inú ara, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di irú èròjà tó wà nínú fọ́málíìnì tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú. Á tún sọ ìyẹn di ásíìdì tí ń jẹ iṣan ojú. Ó lè tó wákàtí 12 tàbí ọjọ́ kan kí ó tó fara hàn, nítorí náà ni àwọn èèyàn fi ń rò pé ìmutípara lásán ni. Ẹni tó bá mutí lánàá, tó wá ní ojú òun ń ṣe bàìbàì lónìí, bíi pé kurukuru bo ìlú, tí inú ń run ún, tí ó ń mí gúle-gúle, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì kí ẹ ní kó sùn. Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgándò níbí. Ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì mú ìgò náà dání, bí ó bá tilẹ̀ ku ìkán méjì nínú rẹ̀. Oògùn wà tí ń dá ẹ̀dọ̀ dúró kí ó má sọ ọ́ di oró, ẹ̀rọ sì wà tí ń fọ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n àkókò ni gbogbo rẹ̀ gbára lé.

Ṣé ẹ wá rí ìyàtọ̀ náà? Bíà tó ń rùn bí asín ti fi ara rẹ̀ sùn. Ohun tó lè pa yín kò ní í rùn. Nítorí náà, imú nìkan kọ́ ni kí ẹ máa fi fura. Ẹ máa béèrè ohun mẹ́ta: ta ló pọn ọ́n, ọjọ́ wo ló pọn ọ́n, níbo ló ti ń sùn láti ọjọ́ náà? Bí ìgò kò bá lè dáhùn èyí àkọ́kọ́, àwọn méjì tó kù kò nílò ìdáhùn. Ẹ gbé e padà fún oníṣọ́ọ̀bù.

Bí ìdí bá wà láti gbà pé ayédèrú ni, ẹ má dà á nù. Ẹ fi ọ̀rá di ẹnu rẹ̀, ẹ tọ́jú ìdérí àti ìwé tí wọ́n fi gba owó, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ara rẹ̀. Ọ́fíìsì NAFDAC wà ní Ìsọlọ̀, lójú títì Àpápá sí Òṣòdì. Àjọ ìjọba Èkó tí ń gbèjà oníbàárà, LASCOPA, wà ní Àláúsá. Kí ẹ sì rántí pé ẹni tó ta bíà fún yín lè má mọ̀ ju ẹ̀yin lọ. Òun náà rà á ni. Bí ẹ bá pariwo “ayédèrú” sí i lórí láàárín ọjà, tó wá jẹ́ pé oòrùn ni, ẹ ti ba ọjà ọmọlọ́mọ jẹ́ láìnídìí.

Ọ̀rẹ́ mi kò bá ìyá náà jà. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ oòrùn fún un bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún yín yìí. Ó fetí sílẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí n kò bá gbé e síta, ta ló máa mọ̀ pé mò ń tà á?” N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tún gba ibẹ̀ kọjá ní ọ̀sán gangan. Ìgò aláwọ̀ ewé mẹ́fà wà lórí tábìlì, oòrùn gun orí wọn, wọ́n ń kọ mànà. Ó dùn mí. Mo ní, “Ìyá, ṣé bí a ṣe sọ ọ́ nìyí?” Ó bú sẹ́rìn-ín, ó mú ọ̀kan, ó dorí rẹ̀ kodò níwájú mi. Ẹ̀kán kan kò já bọ́.

Ó ní, “Omi kò sí nínú wọn, ọtí kò sí. Òfo ni mo fi ń pe oníbàárà. Èyí tí wọ́n máa mu ń sùn nínú òkùnkùn.”